Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀wọ̀n Eldridge: bí ọmọ Djougou ṣe bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ní New York, 1847

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin ẹrú kan láti Djougou gbọ́ kí ọkọ̀ ìgbòkun Lembrança tó gúnlẹ̀ sí New York lóṣù kẹfà ọdún 1847. Ọ̀rọ̀ náà ni free, ìyẹn òmìnira. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló kọ́ òun àti àwọn ẹrú méjì yòókù. Ó pè é fún wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, f, r, e, e, wọ́n sì ń pè é tẹ̀lé e. Wọ́n ti gbọ́ pé ibi tí ọkọ̀ yìí ń gbé kọfí lọ, kò sí ẹrú níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọkùnrin yìí ti ń pe ọ̀rọ̀ náà ní àpètúnpè, bí ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà.

José da Costa ni wọ́n ń pè é nínú ọkọ̀. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Clemente José da Costa, ẹni tó rà á ní Rio de Janeiro, ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Orúkọ tó gbé kúrò nílé ni Mahommah Gardo Baquaqua. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Gardo yẹn. Ọmọ tí wọ́n bá bí tẹ̀lé ìbejì ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nílùú rẹ̀, wọn a sì máa ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí pàtàkì. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé: Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Ọjọ́ tí mo kà á ni ìtàn yìí kúrò ní ìtàn ará ọ̀nà jíjìn lójú mi.

Bí èèyàn bá dárúkọ Rélùwéè Abẹ́ Ilẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn ẹrú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà sá, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni Harriet Tubman, obìnrin tó ṣamọ̀nà àwọn ẹrú lọ sí òmìnira, igbó Maryland lóru, ìràwọ̀ tó ń tọ́ka sí àríwá. Òtítọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní ẹ̀ka tó gba èbúté kọjá, tó gba kóòtù kọjá, tó sì gba inú ọgbà ẹ̀wọ̀n jáde. Ẹ̀ka yẹn ni ọmọ Djougou yìí gbà, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Djougou wà lápá àríwá orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Láyé ìgbà náà, ojú ọ̀nà àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Haúsá lọ sí Gonja àti Asante, ní Ghana òde òní, ni. Ọ̀nà obì ni. Gbàǹja tí à ń jẹ títí dòní, láti ara Gonja yẹn ló ti gba orúkọ. Ìdílé Mùsùlùmí oníṣòwò ni wọ́n bí Baquaqua sí, wọ́n sì fi í sí ilé kéú, àmọ́ kò gbádùn rẹ̀, kò pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀. Nígbà tó lọ sí ìlú Daboya ní Gonja, ogun ìjà oyè bá a níbẹ̀, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san owó, ó rà á padà.

Ìgbà kejì kò sí ẹni tó rà á. Ó ti di ìránṣẹ́ ọba ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Djougou. Àwọn kan ń jowú rẹ̀, wọ́n sì tàn án lọ síbi ọtí. Ó mu títí tí kò fi mọ ara rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ojú rẹ̀ máa fi dá, ó ti wà nínú ìdè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó gba ilẹ̀ Dahomey kọjá, títí tó fi dé Ouidah létí òkun, èbúté tí àwọn Pọtogí ń pè ní Ajudá. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ogun Dahomey kó gbà wọ ọkọ̀. Òun náà wọ̀ ọ́, ọkọ̀ náà sì gbé e dé Pernambuco ní Brazil ní 1845.

Ohun kan wà níbí tó máa ń bí mi nínú nígbàkígbà tí mo bá rántí. Láti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1831 ni Brazil ti ní òfin tirẹ̀ pé ẹrú yòówù tí wọ́n bá ti òkèèrè kó wọ ilẹ̀ náà ti di òmìnira láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn òfin yẹn ni wọ́n já Baquaqua sílẹ̀ ní Pernambuco. Lójú òfin, ẹni òmìnira pátápátá ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọ̀kẹ́ àìmọye irú rẹ̀ ni wọ́n kó wọlé lẹ́yìn òfin náà, tí wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́jà ní ọ̀sán gangan.

Oníbúrẹ́dì kan ló rà á. Ọkùnrin náà a máa kó gbogbo ilé jọ fún àdúrà, pàṣán a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá tòògbé. Ní àkókò yẹn ó ń kọ́lé, ilé olókùúta, Baquaqua ló sì ń ru òkúta náà. Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé òkúta kan ṣoṣo lé e lórí. Nígbà míràn, a máa tẹ orí rẹ̀ débi tí kò fi ní lè fara dà á mọ́, a sì jù ú sílẹ̀. Olówó rẹ̀ a fàbínú yọ, a ní ajá yìí ti ju òkúta òun sílẹ̀. Baquaqua sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí òun ń sọ nínú lọ́hùn-ún ni pé ọ̀gá yìí gan-an ni ajá tó burú jù. Nígbà tó kọ́ èdè Pọtogí tó lè fi ka nǹkan dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n rán an jáde lọ máa kiri búrẹ́dì. Ó ṣe é tọkàntọkàn, kò gba ìyìn kankan. Ó sá lọ, wọ́n mú un padà. Ó fi ọtí pa ìrònú rẹ́, ọtí kan náà tó sọ ọ́ dẹrú. Nígbà tó yá, ó lọ bẹ́ sódò láti kú, àwọn èèyàn fà á jáde. Ni olówó rẹ̀ bá tà á. Ó dé Rio, ó di ti da Costa, ó sì di ọmọ ọkọ̀ tó ń ná etíkun Brazil sísàlẹ̀ sókè, kí wọ́n tó wá ní ọkọ̀ náà yóò gbé kọfí lọ sí New York.

Ó yẹ kí a mọ ìlú tí ọkọ̀ yìí wọ̀. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1827 ni ìpínlẹ̀ New York ti fòpin sí oko ẹrú pátápátá. Síbẹ̀ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àlejò láti mú ẹrú rẹ̀ wá fún oṣù mẹ́sàn-án, àyè yẹn ni wọ́n sì dí ní 1841. Èyí já sí pé láti 1841, ẹrú tí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá sí New York, òmìnira ni. Ṣùgbọ́n ìlú náà kún fún oníṣòwò òwú tí owó wọn ti gúúsù ń wá, ó sì kún fún àwọn ajínigbé tó ń já ọmọ dúdú tí a bí ní òmìnira gbà lójú pópó láti lọ tà wọ́n.

Tìtorí àwọn ajínigbé yìí ni wọ́n fi dá Ìgbìmọ̀ Aṣọ́nà sílẹ̀ ní New York ní 1835. David Ruggles, ọmọkùnrin dúdú tó ti ṣe ìsọ̀ oúnjẹ rí, tó tún ta ìwé, ni akọ̀wé rẹ̀. Òun ló gba Frederick Douglass, ẹrú tó wá di gbajúgbajà alátakò oko ẹrú, sílé ní 1838, nígbà tí ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sá dé láti Baltimore, tí kò ní ibi tí yóò forí lé. Ṣùgbọ́n apá kan iṣẹ́ Ruggles tí a kì í sábà sọ ni pé a máa lọ sínú ọkọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1836, nígbà tí ọkọ̀ Brazil kan tó ń jẹ́ Brilliante gúnlẹ̀ tòun ti ẹrú nínú, Ruggles lọ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú àwọn aláṣẹ. Wọn kò dá a lóhùn bó ṣe fẹ́, àwọn ọmọ dúdú kan sì lọ sínú ọkọ̀ náà lóru, wọ́n kó ẹrú méjì jáde tipátipá. Nígbà tí Lembrança fi máa dé ní ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ojú Ruggles ti fọ́, ó ti kó lọ sí Massachusetts. Àṣà tó fi sílẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́: kí ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró, kí ojú ti wà lára rẹ̀.

Ta ni ojú wọ̀nyẹn? Àwọn alágbàṣe etí omi, àwọn tó ń gbé ẹrù, àwọn alásè inú ọkọ̀, àwọn afọṣọ. Irú Louis Napoleon ni wọ́n, ọmọ dúdú tí kò mọ̀wé kọ, tó jẹ́ pé àmì àgbélébùú ló ń tẹ̀ sábẹ́ ìwé. Síbẹ̀ òun ló tẹ àmì yẹn sábẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó tú ẹrú mẹ́jọ ìdílé Lemmon sílẹ̀ ní New York ní 1852. Àwọn tí à ń pè ní ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á rí wọn dáadáa, nítorí àwọn olóyè inú ìtàn yìí, agbẹjọ́rò àti adájọ́, kì í pẹ́ kí wọ́n tó gba gbogbo ìjókòó.

Baquaqua kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ rí i pé ara rẹ̀ ti ń fò sókè, ó tì í mọ́ yàrá kan nínú ọkọ̀. Baquaqua já ilẹ̀kùn, ó bọ́ sí orí èbúté, ó gbéra ó ń sá. Kò mọ ọ̀nà, kò mọ ẹnì kan. Èdè Dendi, èdè Haúsá àti Pọtogí kò wúlò fún un lójú pópó yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ní kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọlọ́dẹ ìlú mú un, wọ́n tì í, ọ̀gá ọkọ̀ sì wá mú un padà sínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ariwo ti ta. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn dúdú àti àwọn alátakò oko ẹrú fi dé sí èbúté pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kóòtù. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ìwé àṣẹ tó ní kí ẹni tó bá ti èèyàn mọ́lé gbé e jáde síwájú adájọ́, kó wá sọ ìdí tó fi tì í. Bí wọ́n ṣe kó ẹrú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú ọkọ̀ nìyẹn: Baquaqua, José da Rocha, àti obìnrin kan, Maria da Costa.

Nígbà tí wọ́n bi Maria, ó ní òun yóò bá ọ̀gá òun padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi. Obìnrin tí wọ́n gbé síwájú òyìnbó tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí olówó rẹ̀ dúró tó ń wò ó, nílùú tí kò sùn mọ́jú rí, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Brazil ni gbogbo ohun tó kù tó mọ̀ láyé.

John Jay ni agbẹjọ́rò tó dúró fún àwọn ọkùnrin méjì náà, ọmọ ọmọ adájọ́ àgbà àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà ní. Ẹjọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere: ẹrú ni wọ́n, olówó wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú wọn wá, òfin 1841 sì ti tú wọn sílẹ̀. Èsì tí ọ̀gá ọkọ̀ àti aṣojú ìjọba Brazil mú wá ló yẹ kí a fi etí méjèèjì gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ lèyí. Wọ́n ní ọmọ ọkọ̀ ni àwọn èèyàn yìí, wọ́n sì ń sá fún iṣẹ́. Amẹ́ríkà àti Brazil ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1828, ó sì wà nínú rẹ̀ pé bí ọmọ ọkọ̀ ìlú kan bá sá ní èbúté ìlú kejì, kí wọ́n mú un padà fún ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yí i. Ẹni tí wọ́n rà lówó, tí wọ́n ń nà, tí wọn kò san kọ́bọ̀ fún rí, òun ni wọ́n gbé dé iwájú adájọ́ tí wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́. Ní Rio, ẹrù ni. Ní New York, níbi tí jíjẹ́ ẹrú ti lè tú u sílẹ̀, ó di atukọ̀ tó ja àdéhùn iṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún un tẹ́lẹ̀ wá wúlò fún wọn, nítorí José da Costa, ọmọ ọkọ̀ Lembrança, dún létí bí ẹni tó ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá gbaṣẹ́. Baquaqua tó tẹ̀lé ìbejì kò sí nínú ìwé kóòtù náà níbì kankan. Adájọ́ Charles P. Daly sì gbà fún wọn. Ó ní ọmọ ọkọ̀ ni wọ́n lóòótọ́, pé àdéhùn náà mú wọn. Òfin tó dára jù ní àríwá Amẹ́ríkà nígbà náà ló wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì fi í pàdánù.

Wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n òpópónà Eldridge, níbi tí wọ́n ń ti àwọn ajigbèsè mọ́. Ọkọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà. Bí wọ́n bá fi lè gbé e padà dé Rio, ẹrú tó gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí kóòtù nílùú òyìnbó, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ìyà tó ń dúró dè é.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kẹjọ, wọ́dà ń sùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn méjèèjì jáde sí ìta.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìbọn, kò sí ògiri tí wọ́n fọ́, kò sí irin fèrèsé tí wọ́n fi ayùn rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kì í dá yí ara rẹ̀, ẹni tó sì jáde lẹ́wọ̀n láìgbọ́ èdè ìlú kò lè dá rìn dé Boston. Ó ní ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́dà máa ń sùn. Ó ní ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà lóru yẹn, tó mú wọn wọ ilé kan. Ó ní ẹni tó bọ́ wọn, tó wá aṣọ tí kò jọ ti ọmọ ọkọ̀ fún wọn. Èmi kò tiẹ̀ gbà pé oorun lásán ni wọ́dà yẹn ń sùn. Nǹkan tí òfin ìlú méjì àti adájọ́ kan ti dì pa, ọwọ́ tí a kò rí tú u kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní Boston, wọ́n fi Baquaqua pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í bóyá England ló fẹ́ lọ tàbí Haiti. Ó mú Haiti, ó ní ojú ọjọ́ ibẹ̀ yóò jọ ti ilé. Mo rò pé ọgbọ́n mìíràn wà ńbẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn ẹrú fi ogun gbà lọ́wọ́ Faransé ní 1804 ni Haiti, kò sì sí adájọ́ kan níbẹ̀ tí aṣojú Brazil lè lọ bá pé kó dá ẹrú òun padà. Ọkọ̀ gbé e lọ sí Port-au-Prince.

Kò rí ayọ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́ èdè, àìsàn kọlù ú, ẹni tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ kò ṣe dáadáa sí i, ọtí sì tún padà wá bá a. Òmìnira ti dé, àmọ́ kò mú ilé kan dání. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, William Judd àti ìyàwó rẹ̀, ló gbà á sílé, ó ń se oúnjẹ fún wọn, ó sì fi ọtí sílẹ̀. Wọ́n rì í bọmi ní 1848. Ọdún kejì ló padà sí ìpínlẹ̀ New York kan náà tí wọ́n ti fẹ́ fà á lé ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì New York Central College ní McGrawville, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ tó ń gba dúdú àti funfun, ọkùnrin àti obìnrin, tó sì ní olùkọ́ àgbà aláwọ̀ dúdú. Ohun tó ń bẹ àwọn èèyàn fún ni kí wọ́n rán an padà sí Áfíríkà, kó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí òfin 1850 ti fún àwọn amẹ́rú lágbára láti wọ ìlú èyíkéyìí ní àríwá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tún fara rọ fún aláwọ̀ dúdú mọ́. Baquaqua kó lọ sí Chatham ní Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú tẹ̀dó sí. Láti ibẹ̀ ló ti ṣètò kí wọ́n tẹ ìtàn ayé rẹ̀ ní Detroit, lódìkejì odò tó pààlà Kánádà àti Amẹ́ríkà, ní 1854. Samuel Moore ló bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun gbogbo ló wà nínú ìwé yẹn. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń sin òkú ní Djougou, bí wọ́n ṣe ń gbin iṣu, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbéyàwó. Ó sọ ìwúwo òkúta, ó sọ ajá, ó sọ pàṣán tó wà nídìí àdúrà. Orúkọ ara rẹ̀ wà ní iwájú ìwé gàdàgbà, Mahommah, kì í ṣe José. Nígbà tó wá dé orí alẹ́ tó kúrò ní ẹ̀wọ̀n Eldridge, ọdún méje ti kọjá, ó ti rékọjá odò, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní wọ́dà ń sùn, ilẹ̀kùn sì ṣí, àwọn sì jáde. Ẹni tó ṣí i ṣì lè wà ní New York. Kò dárúkọ rẹ̀.